Férémù Tó Sọnù Nínú Páálí Elizabeth Bándélé

Àfọ́kù búlọ́ọ̀kù méjì ló ń di ilẹ̀kùn ìsọ̀ Elizabeth Bándélé mú kí afẹ́fẹ́ má baà gbá a dé. Ìsọ̀ náà wà lójú ọ̀nà tó jáde láti Ore lọ sí Òdìgbó, níbi tí ọkọ̀ ńlá kì í ti í jẹ́ kí nǹkan dúró jẹ́ẹ́. Ó fi ọ̀dà funfun kun búlọ́ọ̀kù méjèèjì dáadáa. Bí oníbàárà tuntun bá sì fẹ́ fi ẹsẹ̀ ti ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, á gbójú sókè lórí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

"Ẹ rọra o. Búlọ́ọ̀kù tó wọ́n jù ní ìpínlẹ̀ Òǹdó nìyẹn. Orí fóònù ni mo ti rà á."

Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ni Elizabeth, Ìyá Ṣíjibòmí ni gbogbo ayé ń pè é. Sùtánà ló ń rán, aṣọ funfun gígùn tí àwọn aládùúrà ń wọ̀ lọ sílé àdúrà. Láti Àgọ́ Aláyè títí dé Omifunfun, bí o bá rí aládùúrà tí apá sùtánà rẹ̀ kò wọ́ sínú ọbẹ̀ nígbà tó bá ń jẹun, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ ọwọ́ Elizabeth ni aṣọ náà ti jáde. Ọdún méjìlélógún gbáko ló fi ń rán aṣọ Ìkórè fún ẹgbẹ́ akọrin Ilé Àdúrà Ìmọ́lẹ̀ Ayọ̀, níbi tí òun náà ti ń jọ́sìn. Ó máa ń sọ iye ọdún yẹn fún ẹni tó bèèrè àti ẹni tí kò bèèrè.

Ọ̀rọ̀ búlọ́ọ̀kù náà ti pé ọdún mẹ́ta. Elizabeth rí àyọ́ọ̀nù ńlá kan lórí ìkànnì gbànjo, irú èyí tí ń fi ooru omi tẹ aṣọ. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀ kò le: ẹni tó fẹ́ tajà á gbé fọ́tò ọjà rẹ̀ síta, àwọn tó fẹ́ ẹ á máa fi owó lé owó ara wọn títí aago á fi lù, ẹni tí owó rẹ̀ bá ga jù ló ni ọjà. Ìkànnì ni owó á wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹrù bá dé, ẹni tó rà á ní ọjọ́ méjì láti tú u wò kó sì sọ pé ó dára tàbí kò dára. Bí ọjọ́ méjì bá kọjá tí kò sọ nǹkan kan, wọ́n á kó owó fún ẹni tó tà á.

Ọkùnrin tó ń ta àyọ́ọ̀nù yìí wọ sùtánà nínú fọ́tò rẹ̀, ó sì gbé Bíbélì dání. "Ẹni wa ni," Elizabeth sọ fún ara rẹ̀. Kò wo iye ọjà tí ọkùnrin náà ti tà rí. Kò wo ohun tí àwọn tó ti rajà lọ́wọ́ rẹ̀ sọ. Sùtánà ló wò. Ó tilẹ̀ wo bí wọ́n ṣe rán ọrùn rẹ̀, ó ní ẹni tó rán an mọ iṣẹ́.

Páálí dé ní Ọjọ́rú. Ní Ilé Àdúrà Ìmọ́lẹ̀ Ayọ̀, ẹnikẹ́ni kì í lo nǹkan tuntun kó tó gbé e wá síwájú pẹpẹ lọ́jọ́ Ìsinmi. Ìbáà jẹ́ ọ̀kadà, ìbáà jẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́, bó ṣe dé ni wọ́n á ṣe gbé e wá. Bó bá wà nínú páálí, wọn kì í ṣí i. Elizabeth gbé páálí rẹ̀ sórí àpótí aṣọ, ó fi aṣọ àlà bò ó, ó ń dúró de ọjọ́ Àìkú. Kí ẹ̀yin náà ka ọjọ́ lórí ìka yín.

Lọ́jọ́ Àìkú náà, Wòlíì Ọlọ́runtóyìn, olórí ìjọ, wọ́n omi ìyàsímímọ́ sí páálí, ó gbé ohùn sókè. "Ohun tó wà nínú páálí yìí kò ní dín kù! Á máa bí sí i! Á máa pọ̀ sí i!"

"Àmín!"

Wọ́n wá fi abẹ la páálí. Àfọ́kù búlọ́ọ̀kù méjì ló wà níbẹ̀, wọ́n fi ìwé ìròyìn àtijọ́ wé wọn bí ẹni wé ọmọ tuntun. Bàbá àgbà kan ló fọ ohùn láti ẹ̀yìn: "Wòlíì, bí àdúrà yẹn bá gbà, a ti rí ògiri ṣọ́ọ̀ṣì kọ́ tán."

Ẹ̀rín bẹ́ débi pé wọn kò lè ka Bíbélì fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Elizabeth náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tó délé ló sunkún díẹ̀. Ní ọjọ́ Ajé, ìkànnì dá a lóhùn pé ọjọ́ méjì rẹ̀ ti kọjá láti ọjọ́ Ẹtì, dídákẹ́ tó dákẹ́ ni àwọn kà sí pé ọjà tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ọkùnrin onísùtánà ti lọ ráúráú.

Olè yẹn bí i nínú, ṣùgbọ́n ohun tó dùn ún wọ egungun ni pé wọ́n fún òun láǹfààní láti sọ̀rọ̀, òun sì fi aṣọ àlà bò ó. Ó ní kí ọmọ rẹ̀, Olúwaṣíjibòmí, tẹ gbogbo òfin ìkànnì náà jáde sórí ìwé. Ó gbé gíláàsì sójú, ó kà á láti òkè dé ilẹ̀, ó ń fi bírò fàlà sábẹ́ rẹ̀ bí ẹni ń ka ìwé Òwe. Ìwé náà ṣì wà lára ògiri ìsọ̀ títí di òní, lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn ìwọ̀n.

Bó ṣe di ẹni tí wọ́n ń gbé fóònù wá bá nìyẹn. Wọ́n máa ń sọ ní Ore pé kò sí ẹni tó rajà lórí fóònù láìkọ́kọ́ fi hàn án. Àsọdùn ni, ọ̀pọ̀ ló ń dá rà, tí wọ́n sì ń jìyà rẹ̀. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni pé àga oníbàárà rẹ̀ kì í ṣófo. Lọ́jọ́ kan, àgbẹ̀ kan láti Omifunfun, Olúwagbénga, fẹ́ ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fín oògùn sí kòkó.

"Ìyá Ṣíjibòmí, ẹni yìí ní kí n jáde kúrò lórí ìkànnì, kí n wá bá òun sọ̀rọ̀ lórí Wasáàpù. Ó ní òun á dín in kù fún mi gan-an."

"Olúwagbénga, bó o bá dé ọjà Ore, tí oníṣòwò kan sọ pé kí o má rà á níbi tí èèyàn wà, kí o tẹ̀ lé òun lọ sẹ́yìn ilé, wàá tẹ̀ lé e?"

"Kí n má rí i!"

"Ṣé ọjà ló fẹ́ tà fún ọ lẹ́yìn ilé yẹn, àbí ìwọ ló fẹ́ tà?"

Olúwagbénga fi fóònù sápò. Ó ní òun ṣì máa fi korobá fín oògùn ọdún yìí ná.

Nígbà tí ọdún yìí dé, ọ̀rọ̀ kan Elizabeth fúnra rẹ̀. Ìgbìmọ̀ Ìkórè pinnu pé sùtánà ogójì tí ẹgbẹ́ akọrin máa wọ̀ gbọ́dọ̀ ní àwòrán háàpù wúrà, dùùrù Dáfídì, láyà, kí wọ́n fi òwú yà á sára aṣọ. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ṣeé fi ẹ̀rọ lásán ṣe. Ẹ̀rọ tí àwọn télọ̀ ń pè ní mọnogíráàmù ló ń ṣe é, Elizabeth kò sì ní. Télọ̀ kan ní Òkìtìpupa ní in.

"Ìyá Ṣíjibòmí, ẹ̀yin la fẹ́," alága ìgbìmọ̀ sọ, ó ń fọwọ́ ra irùngbọ̀n. "Ṣùgbọ́n bí a kò bá rí ẹyọ aṣọ kan tó ní háàpù títí ọjọ́ Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, a ó gbé iṣẹ́ lọ sí Òkìtìpupa."

Òkìtìpupa! Ọdún méjìlélógún! Elizabeth kọrí sílé. Ó délé, ó ṣí ìkànnì gbànjo.

Ẹ̀rọ mọnogíráàmù àlòkù mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Ó fi mẹ́ta sílẹ̀ láàárín wákàtí kan: fọ́tò àkọ́kọ́ mọ́ tónítóní bí èyí tí wọ́n jí látinú ìwé ìpolówó, ẹni kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ forúkọ sílẹ̀ lánàá, ẹni kẹta ń pè é ní "Ìyá nínú Olúwa" kí wọ́n tó kí ara wọn tán. Ẹkẹrin ni ti Zubair, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Ìlọrin tó ń ta ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó ti pé ọdún márùn-ún lórí ìkànnì. Elizabeth fo gbogbo ìyìn tí wọ́n kọ sí i, ó lọ ka ẹ̀sùn. Ẹyọ kan ló wà: ẹrù pẹ́ lọ́nà nígbà òjò.

Ó kọ̀wé sí i níbẹ̀, lórí ìkànnì. Ó ní kó gbé ẹ̀rọ náà sí iṣẹ́ lójú òun, kó fi ya ỌMỌ ORE sára aṣọ, kó sì ya déètì ọjọ́ náà sábẹ́ rẹ̀, kó ká a sí fídíò.

"Màmá," Zubair fèsì, "ṣé ìdánwò wáẹ́ẹ̀kì ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi. Bó o bá yege, màá fowó lé e."

Fídíò dé kí ilẹ̀ tó ṣú: aṣọ búlúù, òwú pupa, ỌMỌ ORE, déètì. Elizabeth kọ iye tí agbára òun ká sórí ìwé, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, ó ní bí owó bá kọjá ibẹ̀ òun á fi í sílẹ̀. Nígbà tí aago ku ìṣẹ́jú méjì, ẹnì kan ń bá a fà á. Ṣíjibòmí, tó wá sílé láti Àkúrẹ́ níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, ń fò sókè bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù. Owó sún mọ́ ohun tó wà lára ògiri pẹ́kípẹ́kí. Aago lù. Elizabeth ló ni ín.

Ìyẹn tán, ọ̀rọ̀ pẹpẹ kù. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọkọ̀ máa gbé páálí dé gáréèjì, ọjọ́ méjì ni ìkànnì fún un, ọjọ́ Àìkú sì jìnnà.

"Màámi, ẹ ṣáà ṣí i ní gbàrà tó bá dé," Ṣíjibòmí ní.

"Kí n ṣí i láìgbàdúrà? Ọdún mélòó lo fi kúrò nílé?"

"Ẹ tún fẹ́ ra búlọ́ọ̀kù ni?"

Elizabeth ronú títí, ó wá lọ bá Wòlíì Ọlọ́runtóyìn. "Wòlíì, bí páálí kò bá lè dúró de pẹpẹ, ṣé pẹpẹ lè lọ pàdé páálí?"

Wòlíì wò ó. "Ìyá Ṣíjibòmí, èmi ni mo gbàdúrà kí òkúta máa bí sí i. Oṣù mẹ́ta ni àwọn ọmọdé fi ń bi mí bóyá ó ti bí. Gáréèjì wo ni?"

Bó ṣe di pé ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àwọn onísùtánà rọ́ wọ gáréèjì Ore nìyẹn. Bí Elizabeth bá ń sọ ọ́, wọ́n tó àádọ́rin. Àwọn tó ka orí ní wọn kò ju mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ. Aládùúrà kì í wọ bàtà pẹ̀lú sùtánà, oòrùn sì ti mú ọ̀dà ilẹ̀ gáréèjì gbóná bí agbada. Nígbà tí Sùlè, dírẹ́bà tó ti Ìlọrin bọ̀, rí àwọn aláṣọ funfun tó yí ọkọ̀ rẹ̀ ká, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́ o! Wọ́n kàn ní kí n gbé e ni! N kò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀!"

"Fọkàn balẹ̀, ọmọ mi," Elizabeth ní, "àwa náà ò mọ̀ ọ́n. Ohun tá a wá wò nìyẹn."

Ṣíjibòmí ti tan fóònù. Ó ká páálí sí fídíò láti ìgbà tó ti wà nínú búùtù, ó yí i ká kí wọ́n lè rí i pé kò sí ibi tí wọ́n ti já téèpù rẹ̀. Wòlíì wọ́n omi. Àdúrà rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí mọ níwọ̀n.

"Olúwa, kí ohun tí wọ́n kọ sára páálí yìí jẹ́ ohun tó wà nínú rẹ̀."

"Àààmín!" Kò sí àmín tó tó bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń gbàdúrà.

Abẹ la páálí. Wọ́n gbé fóòmù kúrò, wọ́n gbé aṣọ búlúù tó ní ỌMỌ ORE kúrò, ẹ̀rọ sì yọ orí, ó ń dán. Ariwo sọ! Beauty, aṣáájú ẹgbẹ́ akọrin, obìnrin tí ohùn rẹ̀ ń dé òdìkejì títì láìlo gbohùngbohùn, gbé orin sókè. Wọ́n jó yí ọkọ̀ Sùlè ká. Wọ́n jó tí àwọn tó ń lọ sí Benin sọ̀kalẹ̀ wá wò wọ́n. Wòlíì ń gbé ẹsẹ̀ sókè kíákíá ju bí ẹnikẹ́ni ti rí i rí lọ. Bóyá ẹ̀mí ni àbí ọ̀dà gbígbóná, kò sí ẹni tó lè búra.

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, Elizabeth gbé ẹ̀rọ sórí tábìlì, ó fi òwú wúrà sí i, ó na ọwọ́ sínú páálí kó mú férémù. Férémù ni òrùka méjì tó ń mú aṣọ le dáindáin kí abẹ́rẹ́ tó lè ya nǹkan sí i. Ẹ̀rọ mọnogíráàmù tí kò ní férémù, iná rẹ̀ á máa ṣẹ́jú lásán ni.

Férémù kò sí. Ó yẹ inú fóòmù wò. Ó da páálí dojú dé. Kò sí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ku ọjọ́ mẹ́ta. Ó wo búlọ́ọ̀kù méjèèjì lẹ́nu ọ̀nà, ó dà bíi pé wọ́n ń fi í ṣẹ̀sín. Ó kọ̀wé sí Zubair, kò sì kúrò lórí ìkànnì.

"Zubair, férémù dà?"

"Ó wà níbẹ̀, Màmá. Ọwọ́ mi ni mo fi gbé e sí i, lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ búlúù."

"Ṣé fídíò rẹ̀ wà, ti ìgbà tó ò ń di páálí?"

"Kò sí. Ọdún márùn-ún ni mo ti ń tajà, ẹnikẹ́ni ò bèèrè rẹ̀ rí."

"Ọ̀rọ̀ ẹnu nìyẹn, ọmọ mi. Mo ti ra ọ̀rọ̀ ẹnu rí, búlọ́ọ̀kù ló bí."

Ó pe ẹjọ́. Kò tíì pé wákàtí kan tí ìkànnì fi ti ilẹ̀kùn ìsọ̀ Zubair: wọ́n kọ ọ́ sí i gàdàgbà pé ó wà lẹ́nu ẹjọ́, ẹnì kankan kò lè fowó lé ọjà rẹ̀ mọ́. Wọ́n ní kí Elizabeth fi fídíò ìgbà tó ń ṣí páálí ránṣẹ́ kó tó di ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Ṣíjibòmí jókòó ti fóònù. "Màámi, ogójì ìṣẹ́jú ni fídíò yìí. Ijó ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n gé ibi tẹ́ ẹ ti ṣí páálí, ká fi ìyẹn nìkan ránṣẹ́."

"Wọn kì í gé ẹ̀rí. Aṣọ nìkan là ń gé. Jẹ́ ká wò ó tán ná."

Wọ́n wò ó. Abẹ la páálí. Fóòmù. Aṣọ búlúù. Nǹkan aláwọ̀ ewé kan, róbótó, yọ díẹ̀ lábẹ́ ìgbọ̀nwọ́ Wòlíì, sùtánà tún bò ó.

"Dá a dúró! Dá a padà sẹ́yìn! Kí nìyẹn?"

Ṣíjibòmí jẹ́ kó máa lọ. Orin bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ kan wọ inú páálí láìwo ibẹ̀, ó gbé nǹkan róbótó náà, ó fi lu àtẹ́lẹwọ́. Ìdè irin tó wà lára rẹ̀ dún ṣaja, ṣaja. Ọwọ́ Beauty ni. Ó lù ú yí ọkọ̀ ká lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó jù ú sókè, ó hán an, nígbà tí orin parí, ó rọra tì í bọ inú àpò àwọn akọrin, pẹ̀lú agogo.

Ṣíjibòmí ṣubú sórí òkìtì aṣọ, ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Elizabeth kò rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n bá gé fídíò náà bí ọmọ rẹ̀ ṣe wí, kò sí adájọ́ kan tó máa rí férémù lábẹ́ ìgbọ̀nwọ́ Wòlíì. Wọ́n á dá a láre, wọ́n á dá nínú owó rẹ̀ padà, á sì tún lọ gba férémù rẹ̀ lọ́wọ́ Beauty. Ó jẹ́wọ́ pé èrò náà wá sí òun lọ́kàn. Ó ní ó wá bí ọkọ̀ tó ń lọ sí Benin ṣe ń gba Ore kọjá: ó fọn fèrè, kò dúró.

"Dìde," ó sọ fún Ṣíjibòmí. "Ọmọ ọlọ́mọ wà lẹ́nu ẹjọ́. Níbo ni Beauty wà?"

Beauty wà ní Aráròmí-Obù, níbi tí ẹgbẹ́ akọrin ti ń ran ìjọ kan lọ́wọ́ níbi àdúrà ọlọ́jọ́ mẹ́ta. Fóònù rẹ̀ kò lọ. Elizabeth ta mọ́ ọ̀kadà. Ọ̀nà igbó náà gbá a sókè gbá a sílẹ̀, ewé kòkó ń gbá a lójú. Kó tó dé ilé àdúrà ló ti ń gbọ́ ọ: ṣaja, ṣaja, ṣaja.

"Beauty! Dá ọwọ́ dúró!"

"Ẹ káàbọ̀, Mọ́mì!" Òógùn ń da lójú Beauty, ayọ̀ sì kún un. "Ẹ gbọ́ tánbórín yìí. Ṣaworo rẹ̀ ti já tán, ṣùgbọ́n ó ṣì ń dún."

"Tánbórín kọ́. Férémù ẹ̀rọ mi ni."

Beauty wo nǹkan náà. Ó wo Elizabeth. "Yéè! Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo ti ń lù ú! Àwọn èèyàn ń gba ìbùkún!"

"Zubair tó tà á fún mi ni kò gba ìbùkún. Wọ́n ti ti ìsọ̀ rẹ̀ pa nítorí ọwọ́ ẹ."

"Mọ́mì, ẹ má bínú. Ọwọ́ mi kì í lè ṣófo bí orin bá ti bẹ̀rẹ̀."

Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti wá bá Elizabeth lójijì. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó gba férémù, ó yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni ń yẹ ọmọ wò: kò sán, ìdè rẹ̀ kan ló tẹ̀ díẹ̀. Ó dì í mọ́ àyà lórí ọ̀kadà títí dé Ore.

Oòrùn kò tíì wọ̀ nígbà tó fa ẹjọ́ náà sẹ́yìn. Ibi tí ìkànnì ti ní kí ó sọ ìdí rẹ̀, ó kọ ọ́ báyìí: "Èmi ni mo ṣì í. Férémù wà nínú páálí láti ilé. Ẹni tó tà á kò jẹ̀bi rárá." Ó fún Zubair ní ìràwọ̀ márààrún, ó sì fi fídíò náà ránṣẹ́ sí i odindi, kó má baà rò pé irọ́ ni.

Ogójì ìṣẹ́jú kọjá dáadáa kí Zubair tó kọ̀wé.

"Màmá, èmi àti ìyàwó mi wò ó tán. Bàbá tó ń jó láìwọ bàtà yẹn ńkọ́, ta ni?"

"Wòlíì wa ni."

"Ẹ bá mi kí i. Ẹ ní kó fi ìpara sí àtẹ́lẹsẹ̀. Màmá, ẹ̀rù bà mí o. Ṣùgbọ́n bí kì í bá ṣe pé ẹ ká a sí fídíò, kí ni mo fẹ́ fi gba ara mi sílẹ̀? Láti òní lọ, n kò ní di páálí mọ́ láìká a."

"Èmi náà, láti òní lọ, màá wo ọwọ́ àwọn ará ilé mi kí n tó pe ẹjọ́ àjèjì."

Ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀. Zubair bèèrè bóyá ó lè rán jàlàbíà mẹ́rin fún àwọn ọmọ òun, kó ya orúkọ wọn sáyà, kó tó di Iléyá.

"Ṣé lórí ìkànnì la ti máa ṣe é?" Elizabeth bi í.

"Níbo tún kù, Màmá? Ẹ̀yìn ilé?"

Ní ọjọ́ Ẹtì, ó fi ọwọ́ tún ìdè férémù tó tẹ̀ ṣe. Ó ba háàpù mẹ́ta jẹ́, ọ̀kan rí bí àbẹ̀bẹ̀, ọ̀kan bí ìyẹ́ adìyẹ. Ẹkẹrin jáde, ó ń tàn. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, alága ìgbìmọ̀ fọwọ́ pa háàpù náà títí, ó yí inú aṣọ síta, ó wo ẹ̀yìn òwú bóyá á rí àbùkù, kò rí i. "Òkìtìpupa á ní sùúrù," ló sọ.

Lọ́jọ́ Ìkórè, ogójì akọrin wọlé pẹ̀lú háàpù wúrà láyà, ìlẹ̀kẹ̀ òógùn lójú, ilé àdúrà sì mì. Beauty wà níwájú, tánbórín tòótọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, tuntun tí Elizabeth fúnra rẹ̀ rà fún un. Elizabeth jókòó sí ìlà kẹta, ó gbé àpò lé itan. Férémù wà nínú àpò náà. Ó ní òun kò fi í sílẹ̀ ní ìsọ̀ mọ́ lọ́jọ́ tí orin bá wà.

Láàárín orin kejì, tánbórín bọ́ lọ́wọ́ Beauty, ó yí gbirigbiri wọ abẹ́ àga àwọn àgbà. Orin kò dúró. Beauty jó títí dé ìlà kẹta, ó na ọwọ́ òfìfo sí Elizabeth.

"Mọ́mì, ẹ̀ẹ̀kan péré!"

Elizabeth fa àpò kúrò lórí itan, ó fi í sórí àga, ó jókòó lé e, ó sì ń pàtẹ́wọ́ lọ.